Supabase fún ẹni tó ń kọ́ áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì: RLS ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀

Ẹni tó gbọ́ JavaScript díẹ̀ lè ṣe ojú áàpù kó dùn ún wò. Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ ti máa ń há: ibo làkọsílẹ̀ máa wà, ta ló máa yẹ pásíwọ́ọ̀dù wò, ibo làwòrán máa gbé? Supabase, iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pèsè ẹ̀yìn áàpù, ń bá ni gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú un ṣáájú Firebase, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti Google, nítorí pé Postgres gidi, dátàbéèsì tó ń gbọ́ èdè SQL, ló wà nínú rẹ̀. SQL tí ẹ bá kọ́ níbẹ̀ wúlò níbi gbogbo, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ kó kúrò, pg_dump, irinṣẹ́ Postgres, á kó àkọsílẹ̀ yín jáde fún server mìíràn.

Bí ẹ bá ń ṣí project, wọ́n á bi yín ní agbègbè tí server máa wà. Ẹ fara balẹ̀ yàn án: kò ṣeé yí padà mọ́ àfi kẹ́ ẹ ṣí project tuntun, kẹ́ ẹ kó ẹrù lọ síbẹ̀. Fún àwọn tó máa lò ó ní Nàìjíríà, London tàbí Paris ni mo fara mọ́, torí okùn abẹ́ òkun láti Èkó ń gba Yúróòpù.

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù ni Row Level Security, RLS, ìyẹn ètò Postgres tó ń pinnu ìlà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí tàbí yí padà nínú table. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí browser lè rí kọ́kọ́rọ́ anon (publishable ni wọ́n ń pe tuntun tó rọ́pò rẹ̀) tí áàpù fi ń bá Supabase sọ̀rọ̀, tó wà nínú kóòdù yín, bí wọ́n sì ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. RLS ló ń ṣọ́ ilé. Ká ní ìwé gbèsè ìsọ̀ lẹ ń ṣe, tẹ́ ẹ sì fi SQL dá table rẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́:

alter table gbese enable row level security;

Bí ẹ bá tan RLS láìtíì kọ policy, ìyẹn òfin tó ń sọ ẹni tó lè rí ìlà wo, ìbéèrè yín á máa mú [] òfìfo wá, láìsí error kankan. Ọ̀pọ̀ a wá máa tú JavaScript palẹ̀ níbi tí nǹkan ò ti ṣe é. Table ò ṣófo o. Postgres ló kọ̀ láti fi ìlà kankan hàn. Ó ku policy:

create policy "ti oníkálukú" on gbese
for select to authenticated
using ((select auth.uid()) = user_id);

Ìyẹn ni pé ìlà tí user_id rẹ̀ bá ID ẹni tó wọlé mu nìkan lẹni náà máa rí. Fún insert, with check lẹ ó lò dípò using. Update ń fẹ́ policy select pẹ̀lú. Láìsí i, kò ní yí ìlà kankan padà, kò sì ní pariwo. Ẹ fi index, atọ́ka tó ń mú kí wíwá yá, sí user_id, torí gbogbo ìbéèrè ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ má dán policy wò nínú SQL Editor bó ṣe wà, torí àṣẹ ọ̀gá ló fi ń ṣiṣẹ́, RLS kì í dí i lọ́wọ́. Ẹ dá aṣàmúlò méjì, kẹ́ ẹ fi orúkọ èkejì wọlé, kẹ́ ẹ wò bóyá ẹ máa rí gbèsè ẹni àkọ́kọ́.

Kọ́kọ́rọ́ service_role (secret ni wọ́n ń pe tuntun tó rọ́pò rẹ̀) ń fo RLS kọjá. Kò gbọdọ̀ dé browser láéláé, ẹ má sì fi í sínú variable tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VITE_ tàbí NEXT_PUBLIC_, torí irú wọn máa ń bá kóòdù dé browser.

Ètò ọ̀fẹ́ tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́: project 2, dátàbéèsì 500 MB, fáìlì 1 GB. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí ẹni tó lò ó, wọ́n á dá a dúró títí ẹ ó fi lọ tẹ Restore, kò sì ní backup ojoojúmọ́. Pro, $25 lóṣù, ló tọ́ sí áàpù oníbàárà. Owó yẹn wúwo fún ẹni tó ń gba náírà, nítorí náà ẹ kà á mọ́ iye tí ẹ máa bù fún oníbàárà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ímeèlì ìfìdímúlẹ̀ tó bá a wá, ìdánwò nìkan ló wà fún: ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń fi ránṣẹ́ ní wákàtí kan, kò sì ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò sí nínú team yín. Ẹ so SMTP tiyín, ìyẹn server tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá forúkọ sílẹ̀.