Àgbéyẹ̀wò Yamaha R6: Alùpùpù Tí Kì Í Ṣiṣẹ́ Bí Kò Bá Ké

Yamaha R6 ti ọdún 2018 ni mo ń gùn. Àlòkù ni mo rà á, ó sì ti di ìgbà mọ́kànlá tí mo ti gùn ún ní pápá ìsáré Brands Hatch ní Kent, lórí ọ̀nà kékeré tí wọ́n ń pè ní Indy, tí gígùn rẹ̀ kò pé kìlómítà méjì. Kó tó di ìgbà náà, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó gbà pé wọn kò ṣe é nítorí títì. Ìyá Ìbejì ti rí i ṣáájú mi. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ilé, ó wo bí ìjókòó rẹ̀ ṣe ga, ó wo bí mo ṣe tẹ̀ kọdọrọ lé e lórí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ fẹ́ máa gùn ún ni, àbí ẹ fẹ́ máa dọ̀bálẹ̀ fún un?"

Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 599 cc, ó ní sílíńdà mẹ́rin. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹni tó bá fẹ́ rà á ni pé písítìnì rẹ̀ fẹ̀ ju bó ṣe ń rìn lọ: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 67, ṣùgbọ́n mìlímítà 42.5 péré ló ń rìn kó tó padà. Nítorí pé ìrìn náà kúrú, písítìnì lè máa lọ kó máa bọ̀ kíákíá láìjẹ́ pé irin inú ẹ́ńjìnì já, ìdí sì nìyí tí agbára rẹ̀ fi ń dé góńgó ní ìyípo 14,500 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ju ìgbà 240 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Agbára ẹṣin tó ń mú wá níbẹ̀ súnmọ́ 118. Ní 2006, ilé iṣẹ́ náà tilẹ̀ polówó pé ó lè yí dé 17,500, kí wọ́n tó wá jẹ́wọ́ pé aago tó ń ka ìyípo ló ń sọ àsọdùn. Aago tó ń pọ́n olówó rẹ̀ lé nìyẹn.

Agbára yìí kò sí rárá nígbà tí ìyípo ẹ́ńjìnì bá ṣì wà nísàlẹ̀. Mo ní Yamaha MT-07 kan nílé, onísílíńdà méjì, tí agbára tó fi ń yí táyà jẹ́ 68 Nm ní ìyípo 6,500. Ti R6 jẹ́ 61.7 Nm, kò sì pé títí ó fi dé 10,500. Èmi tí mo kọ́ alùpùpù gígùn lórí ọ̀kadà onísílíńdà kan ní Ìbàdàn, etí mi ti mọ̀ pé bí ẹ́ńjìnì bá ti ń ké, kí n tètè yí jíà kó má bàa nọ́ọ̀kì. Ní 9,000 ni mo máa ń yí jíà, tí mo rò pé mo ń ṣàánú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kọ́nà Druids ní Brands Hatch ló tú àṣírí mi. Orí òkè ló wà, ó sì yí padà bí ìkọ́, débi pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ pẹ̀lú jíà kejì yóò bá ìyípo tó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 7,500. Bí mo bá fún un níná lẹ́yìn kọ́nà náà, ṣe ni yóò máa fà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, tí àwọn tí mo ti yà sílẹ̀ lẹ́yìn yóò sì máa kọjá mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tó tẹ̀lé mi lẹ́yìn ní ọjọ́ kejì ní kí n sọ̀ ọ́ sí jíà kìíní, kí n má sì bẹ̀rù ariwo. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé táyà ẹ̀yìn yóò ta, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣe kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kó máa yọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí a bá sọ jíà kalẹ̀ lójijì, nítorí náà ó wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, mo pààrọ̀ irin eléyín iwájú tí ṣéènì ń yí lé lórí láti eyín 16 sí eyín 15, ìyẹn sì fi nǹkan bíi ìyípo 500 kún un ní jíà kejì. Owó kékeré ni, kò sì sí ohun mìíràn tí mo náwó lé lórí rẹ̀ tó wúlò tó o.

Ní ti kọ́nà gbígbà, mi ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Kọ́nà Paddock Hill ní pápá kan náà, tí ilẹ̀ ti máa ń já sílẹ̀ lábẹ́ ènìyàn bí ẹni jìn sí kòtò, ni mo fi ń dán alùpùpù wò. Kìlógíráàmù 190 ni R6 pẹ̀lú epo nínú táńkì. Láti 2017 ni wọ́n sì ti fún un ní fóòkì, irin méjì tó di táyà iwájú mú, tó jẹ́ mìlímítà 43, àti bíréèkì iwájú mìlímítà 320, irú ti R1, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ibi tí mo bá kọjú iwájú rẹ̀ sí ló ń lọ, bí mo bá sì ń tẹ bíréèkì wọ kọ́nà, ìka ọwọ́ mi máa ń mọ bí táyà ṣe di ilẹ̀ mú tó. Kò yani lẹ́nu pé láti 2017 títí dé 2022, òun ni wọ́n fi ń gba ife-ẹ̀yẹ World Supersport, ìdíje àgbáyé fún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, lọ́dọọdún. Ìpele mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ ní. Mo fi í sí ìkejì, n kò sì tún ronú kàn án mọ́.

Ẹni tó bá ń wá èyí tó ní nọ́ńbà títì ní Yúróòpù, àlòkù ló kù fún un, nítorí pé òfin èéfín Euro 5 lé e kúrò lójú títì ní ìparí 2020. R6 Race, tó wà fún pápá nìkan, ló rọ́pò rẹ̀. Kí olùrà wo ìdí ìtẹ́sẹ̀ àti etí ẹ́ńjìnì dáadáa kó tó san owó, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣubú rí. Ẹni tó ní alùpùpù kan ṣoṣo, tó sì fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́, kó fi owó rẹ̀ pamọ́, nítorí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀ ẹ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi ti tú iná iwájú àti dígí tèmi kúrò. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ló ń jókòó lọ sí Kent báyìí, MT-07 sì ni mo ń gùn lọ síbi iṣẹ́.