Àyẹ̀wò ańtíbọ́dì DIS3: ó ṣeé gbára lé lórí western blot, kò ṣeé gbára lé lábẹ́ máíkírósíkóòpù

Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin tí mo ti ń lo ańtíbọ́dì kan (púrótéènì tí ń di ohun kan pàtó mú, tí a fi ń dá a mọ̀) tí wọ́n fà láti inú ẹ̀jẹ̀ ehoro, èyí tí wọ́n ń tà fún dídá púrótéènì DIS3 mọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí mo ti rà á, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ olùtajà èyíkéyìí. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo rà á fún: kí n fi rí DIS3 lórí western blot (ọ̀nà tí a fi ń ya àwọn púrótéènì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wúwo tó, tí wọ́n sì ń hàn bí ìlà), kí n fi fà á jáde pẹ̀lú àwọn púrótéènì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kí n sì fi wo ibi tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ó ṣe ti àkọ́kọ́ dáadáa, ó ṣe èkejì níwọ̀nba, ó sì já mi kulẹ̀ nínú ẹ̀kẹta.

DIS3 gba ìṣọ́ra ju ọ̀pọ̀ púrótéènì lọ. Jíìnì rẹ̀ wà lórí kúrómósómù 13, púrótéènì rẹ̀ ní ásíìdì àmínò 958, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílódálítọ́ọ̀nù 109. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa jẹ RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara jíìnì) tí sẹ́ẹ̀lì kò nílò mọ́, tàbí èyí tí ó ní àbùkù, láti ìdí 3′ lọ sí orí 5′. Kì í sábà dá ṣiṣẹ́: púrótéènì mẹ́sàn-án ni wọ́n so pọ̀ bí àgbá tí ó ní ihò láàárín, tí a ń pè ní RNA exosome, DIS3 sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àgbá náà, tí RNA ń gba inú ihò yẹn kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lára ènìyàn, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́sàn-án náà tí ó lè gé RNA fúnra rẹ̀. (Kí ẹni tí ó ń wá ọjà yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ra, nítorí pé orúkọ kan náà, exosome, ni wọ́n fi ń pe àpò kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ń tú síta, kò sì sí nǹkan kan tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀.)

Ohun tí ó le jù ni pé DIS3 ní àwọn ọmọ ìyá. DIS3L máa ń bá exosome ṣiṣẹ́ lóde kókó sẹ́ẹ̀lì. DIS3L2 ní tirẹ̀ kò nílò exosome rárá, àìsí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń fa àrùn Perlman, èyí tí ń mú kí ọmọ tóbi ju bí ó ti yẹ lọ láti inú oyún, tí ó sì ń fi kíndìnrín rẹ̀ sínú ewu jẹjẹrẹ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní apá RNB tí ó ń jẹ RNA. Apá PIN tí ó wà níhà orí ni wọ́n fi yàtọ̀: ti DIS3 lè gé RNA láti àárín, ti DIS3L kò lè gé nǹkan kan, DIS3L2 kò sì ní in rárá. Nítorí náà, bí olùtajà kò bá sọ ibi tí ańtíbọ́dì rẹ̀ ti ń di púrótéènì mú, ẹ má rà á. Èyí tí mo rà ń di ìhà orí mú, wọ́n sì kọ ọ́ kedere sínú ìwé rẹ̀. Ìdí pàtàkì tí mo fi yàn án nìyẹn.

Àwòrán kan ṣoṣo láti inú sẹ́ẹ̀lì HeLa (sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí a ń tọ́ ní yàrá ìwádìí) ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, èyí kò sì tó. Sẹ́ẹ̀lì kò lè wà láìsí DIS3, nítorí náà a kò lè pa jíìnì náà rẹ́ pátápátá kí a fi dán ańtíbọ́dì wò. A ní láti dín in kù ni. Mo lo siRNA méjì (RNA kéékèèké tí ń dín iye púrótéènì kan kù) tí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń mú lórí RNA DIS3, mo sì dúró fún wákàtí 72. Ìlà tí ó wà nítòsí kílódálítọ́ọ̀nù 110 fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá pẹ̀lú siRNA méjèèjì, inú mi sì dùn gan-an. Ìlà kékeré kan wà nítòsí 60 tí kò yí padà, èyí tí ó fi hàn mí pé kì í ṣe DIS3. Ìwé wọn ní kí a lò ó ní ìwọ̀n 1 nínú 1,000, ṣùgbọ́n 1 nínú 2,000 ni mo fi rí àwòrán tí ó mọ́.

Nígbà tí mo fi fa DIS3 jáde, EXOSC3, ọ̀kan nínú àwọn púrótéènì mẹ́sàn-án àgbá náà, tẹ̀lé e wá, àfi bí iyọ̀ inú omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ bá pọ̀. N kò dá ańtíbọ́dì lẹ́bi fún èyí, nítorí pé ìsopọ̀ DIS3 mọ́ exosome nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kò le bíi ti ìwúkàrà.

Ti máíkírósíkóòpù ni n kò lè gbà. Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni DIS3 pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n kì í sábà wọ nucleolus (apá kan nínú kókó sẹ́ẹ̀lì), ibi tí EXOSC10, púrótéènì mìíràn tí ń bá exosome jẹ RNA, ń pọ̀ sí. Inú nucleolus gan-an ni ańtíbọ́dì yìí ti ń tàn jù, siRNA kò sì dín ìmọ́lẹ̀ náà kù. Bí ẹnì kan bá gbà á gbọ́ láìdán an wò, yóò kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ibi tí DIS3 ń gbé.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn eegun tí a ń pè ní multiple myeloma, níbi tí DIS3 ti máa ń yí padà lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá, lè lò ó láti mọ̀ bóyá púrótéènì náà ṣì wà. Kò lè ya èyí tí ó yí padà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò yí padà, nítorí pé apá RNB ni ìyípadà náà pọ̀ sí, nígbà tí ańtíbọ́dì yìí ń di ìhà orí mú.

Ìgò kejì tí mo rà ní nọ́ńbà ìpín mìíràn (ìyẹn ni pé ìgbà mìíràn ni wọ́n ṣe é), ìlà 60 sì nípọn nínú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n sì fi ìgò ti ìpín àkọ́kọ́ rọ́pò rẹ̀. Mo ti pín in sí máíkírólítà mẹ́wàá mẹ́wàá sínú fírísà, mo kọ nọ́ńbà ìpín sára ìkọ̀ọ̀kan, western blot nìkan ni mo sì ń lò ó fún.