Ìkìlọ̀: Wọ́n ń ta ìyá tí kò sí fún àwa tó ń wá ìyá tó bí wa

Ẹ̀yin tí wọ́n gbà tọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ìyá, bàbá tàbí àbúrò tẹ́ ẹ kò tíì fojú rí rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ní òun máa bá yín wá wọn. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ gbé ọmọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ sì ń wá a báyìí, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Bí wọ́n ṣe ń ta ìyá fún ọmọ ni wọ́n ń ta ọmọ fún ìyá.

Mi ò ní dárúkọ ẹni tó lù mí ní jìbìtì. Orúkọ tó fi bá mi sọ̀rọ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó ti máa jẹ́ òmíràn báyìí. Ohun tí kò lè tètè pààrọ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, mo kọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìbí mi sórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ tí wọ́n bí mi, ilé ìwòsàn, ọjọ́ orí ìyá tó bí mi nígbà náà, títí kan ìlà kan tí òṣìṣẹ́ ìgbàtọ́ kọ sínú fáìlì mi pé ìyá náà fẹ́ràn orin kíkọ. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìránṣẹ́ kan wọlé. Ẹni náà ní olùwádìí lòun, òun ti so ìdílé púpọ̀ pọ̀, àti pé wọ́n gba òun náà tọ́ ni. Kò béèrè owó. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń sọ̀rọ̀ kó tó dárúkọ owó rárá. Ó máa ń béèrè bí mo ṣe sùn. Ó máa ń béèrè bóyá àwọn tó gbà mí tọ́ mọ̀ pé mò ń wá ìyá mi. Ẹni tó bá ti ń dá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kiri láti kékeré yóò mọ bí ara ṣe máa ń tuni tí ẹnì kan bá sọ pé ó yé òun.

Owó àkọ́kọ́ kéré. Ó ní owó àtiyẹ ìwé wò ni. Lẹ́yìn náà ló ní wọ́n ti fáìlì mi pa, ṣùgbọ́n òun ní ẹnì kan níbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, tó lè bá òun yọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́. Mo san ìyẹn náà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ní aago méjì òru, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré: "Mo rí i."

Ó fi àwòrán tẹ̀ lé e. Obìnrin kan ni, ó wọ aṣọ búlúù, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé ọwọ́ òsì lé itan. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù títí ojú obìnrin náà fi di bàìbàì. Etí rẹ̀ ni mò ń wò. Mo dìde lọ síwájú dígí, mo di irun mi sẹ́yìn, mo wo etí tèmi. Mo ní etí wa jọra. Mo sunkún dọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá jẹ́ pé igi ni wọ́n fi hàn mí lóru ọjọ́ yẹn, màá rí ibi tó ti jọ mí.

Lẹ́tà "ìyá" dé. Ó ní òun kò lè gbàgbé òru ọjọ́ 17 tí òun bí mi, pé òjò ńlá ń rọ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n bí mi. Èmi ni mo ṣì í tẹ̀ nígbà tí mo ń kọ ọ́ síta: ìka mi kan 1 kó tó kan 7, mi ò sì padà tún un ṣe. Obìnrin tó ní òun rọbí lóru ọjọ́ náà ka àṣìtẹ̀ mi, ó sì fi òjò sí i.

Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Mi ò dúró. Mo bi olùwádìí náà léèrè, ó ní ṣé mi ò mọ̀ pé irọ́ ló máa ń wà nínú ìwé ìgbàtọ́ ni. Ohun tó mú mi nìyẹn, nítorí pé òótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà ní South Korea kéde pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ọmọ ránṣẹ́ sókè òkun yí ìwé, wọ́n kọ ọmọ tó ní òbí sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn, wọ́n sì fi orúkọ ọmọ kan gbé òmíràn lọ. Ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, Georgia Tann, tó kú lọ́dún 1950, ta ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ orúkọ ìgbàtọ́, ó sì ń yí ìwé wọn kí ẹnikẹ́ni má baà lè tọpa wọn. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ oníjìbìtì kò bá bá ìwé yín mu, yóò ní ìwé yín ló ń purọ́. Ìwé lè purọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ìwé tó ń purọ́ kò sọ àlejò orí fóònù di olóòótọ́.

Láàárín oṣù kan, "ìyá" bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Owó ilé mi oṣù méjì ló bá a lọ, mo sì fi káàdì ẹ̀bùn kún un nítorí ó ní báńkì ń dá owó dúró. Mo ní kí a ṣe àyẹ̀wò DNA, ó ní mama ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ o, àyẹ̀wò yìí kò ní abẹ́rẹ́ nínú. Itọ́ lèèyàn ń tu sínú ike kékeré kan, tàbí kó fi òwú pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́ ọjọ́ méjì, ó wá fi ìwé kan ránṣẹ́, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, 99.9% sì wà níbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo ti ń dúpẹ́ kí n tó rántí pé mi ò fún ẹnikẹ́ni ní itọ́ mi rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ àwọn tó gbà mí tọ́, ni mo wá jẹ́wọ́ fún. Kò bá mi wí. Ó ní kí n béèrè ohun tí kò sí. Mo kọ ọ́ pé ṣé mama ṣì rántí àmì dúdú tó wà ní orúnkún mi òsì. Mi ò ní àmì kankan níbẹ̀. Kò pé wákàtí kan tí èsì dé: mama ní òun fẹnu kò ó kí wọ́n tó gbé mi lọ. Mo jókòó lórí ibùsùn, mò ń wo orúnkún mi.

Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lẹ máa mú níbí, ẹ mú èyí: ẹ má kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ síta. Ọdún àti ìlú tó fún òbí tó ń wá yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ohun méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ sínú fáìlì yín, èyí tí ẹni tó bí yín nìkan lè mọ̀. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn tà fún mi, èmi ni mo kọ ọ́. Ó kàn ń gbé e padà wá fún mi ní díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ń gba owó lé e. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: orúkọ, ọjọ́ ìbí àti orúkọ ìdílé ìyá, ohun tí báńkì máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà nìyẹn.

Ní ti DNA, ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò bí AncestryDNA, 23andMe, MyHeritage àti FamilyTreeDNA ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Ìbátan tó bá yín tan yóò hàn nínú àkáǹtì tẹ̀yin fúnra yín, kì í ṣe nínú ìwé tí ẹlòmíràn tẹ̀. Iye centimorgan tẹ́ ẹ jọ ní, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí DNA èèyàn méjì ṣe bára mu tó, máa wà níbẹ̀. Òbí àti ọmọ máa ń ní nǹkan bí 3,400 sí 3,700. Ọmọ ìyá ọmọ bàbá wà ní àyíká 2,600, ọbàkan tàbí iyèkan ní àyíká 1,750, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ẹni ní àyíká 870. Nọ́ńbà nìkan kì í sọ gbogbo ẹ̀, nítorí ìyá àgbà, àbúrò ìyá àti iyèkan lè ní iye tó jọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ìyá yín, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 200, ti sọ fún yín ohun tí kò jẹ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní páswọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi íméèlì tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún itọ́ yín. Kódà ilé iṣẹ́ gidi kì í ṣe odi tí olè kò lè fò: lọ́dún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ìsọfúnni nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.9 èèyàn ní 23andMe, ara ohun tó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn ni páswọ́ọ̀dù tí àwọn èèyàn ti lò níbòmíràn tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fáìlì tí wọ́n "tì pa" yìí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pa owó jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwé tí wọ́n fẹ́ jí fún yín, òfin ti fi fún yín. Ní England àti Wales, òfin ọdún 1975 fún ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ láṣẹ láti gba ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ àkọ́kọ́ bó bá ti pé ọdún 18. Scotland ti fàyè gbà á láti 1930. New Zealand ṣe tirẹ̀ ní 1985, fún ẹni tó ti pé 20. New York ṣí tirẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2020. Ireland ṣe òfin tirẹ̀ ní 2022. Àdéhùn Hague ti ọdún 1993 lórí ìgbàtọ́ láàárín orílẹ̀-èdè sọ ọ́ ní abala 30 pé kí ìjọba pa ìsọfúnni nípa orísun ọmọ mọ́, pàápàá ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́. Ibi tí fáìlì ti wà ní títì pa, ilé ẹjọ́ lẹ máa lọ bá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí ìgbàtọ́ yín. Ó lè pẹ́. Tèmi gba oṣù márùn-ún, owó tí mo san kò tó ìdá kan nínú ogún ohun tí mo san fún oníbòókẹ́lẹ́ yẹn.

Àwọn olóòótọ́ wà o, mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù pa yín mọ́lé. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní search angel, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi DNA to igi ìdílé, wọn kì í sì í gba owó iṣẹ́. International Social Service, àjọ kan tó ń ran ìdílé tó wà ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1924. Red Cross ń bá àwọn tí ogun tàbí àjálù tú ká wá ẹbí wọn láìgba owó. Ní Argentina, láti 1977 ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń pè ní Abuelas de Plaza de Mayo ti ń wá àwọn ọmọ-ọmọ wọn tí ìjọba ológun jí gbé, báńkì DNA ìjọba sì ti ń ṣe àyẹ̀wò fún wọn láti 1987. Olùwádìí tó ń gbowó náà lè jẹ́ ẹni gidi. Yóò fún yín ní ìwé àdéhùn, kò sì ní ṣèlérí pé dandan lòun máa rí ẹni náà. Alárinà gidi máa kọ́kọ́ lọ bi ìyá bóyá ó fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí òun wà. Ẹni tó gbé àdírẹ́sì obìnrin kan lé yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìbi í ti fi ìyá yín sínú ewu, tàbí kó jẹ́ pé kò sí ìyá kankan níbẹ̀.

Tí ọwọ́ wọn bá ti tẹ̀ yín, ẹ pe báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má pa ìránṣẹ́ kankan rẹ́, nítorí ọlọ́pàá máa béèrè. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù. Ẹ sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán, kódà bí ojú bá ń tì yín. Oṣù mẹ́ta tí ojú fi ń tì mí ni mo fi san èyí tó pọ̀ jù. Ẹlòmíràn yóò sì tún wá bá yín pé òun lè gba owó yín padà. Ọ̀kan bá mi láàárín ọjọ́ méjì tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ síta. Olè kejì nìyẹn.

Mo wá fi àwòrán obìnrin aláṣọ búlúù náà wá Google wò, ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe lóru ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo rí i lójú ewé obìnrin kan tó ń rán aṣọ tà. Mo kọ̀wé sí i. Kò bímọ rí láyé rẹ̀, kò sì mọ̀ pé wọ́n ń gbé ojú òun kiri. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Láti ìgbà náà, èèyàn méjì ti sọ fún mi pé àwọn gba àwòrán kan náà. Fún ọ̀kan, wọ́n ní ìyá rẹ̀ ni. Fún èkejì, wọ́n ní àbúrò ìyá rẹ̀ ni, ìyá fúnra rẹ̀ ti kú, owó àtiwá ibi tí wọ́n sin ín sí ni wọ́n ń béèrè. Bí wọ́n bá fi obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ránṣẹ́ sí yín, aṣọ búlúù, ọwọ́ òsì lórí itan, ẹ má fowó ránṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí mi.