Jọ́ìntì CV 930 àti Ọ̀pá Áàsù 4340 Lára Ìjàpá Tí A Fi Ń Díje Nínú Aṣálẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ẹni Tó Lò Ó

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni àwọn ẹ̀yà tí mo rà láti fi rọ́pò èyí tó fọ́ lẹ́yìn Volkswagen tí a fi ń díje nínú aṣálẹ̀ Nevada: jọ́ìntì CV mẹ́rin (oríkèé tó ń jẹ́ kí ọ̀pá máa yí wíìlì bí wíìlì bá tilẹ̀ ń lọ sókè sódò) irú ti mọ́tò Porsche 930, ọ̀pá áàsù méjì tí wọ́n fi irin líle tí wọ́n ń pè ní 4340 ṣe, àti àwọn pèpéle irin tó ń so wọ́n mọ́ gíábọ́ọ̀sì àti wíìlì. Mọ́tò náà ni èyí tí àwa ará ilé ń pè ní Ìjàpá, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó ní 1975. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, wọ́n a gé ara rẹ̀ kúrò níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n a gbé e ga, wọ́n a sì máa pè é ní Baja Bug. Ó sì ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ń sáré nínú ìdíje bíi Mint 400, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968.

Ariwo ni a kọ́kọ́ gbọ́. Bí awakọ̀ bá fún un níná ní kọ́nà, ẹ̀yìn a máa dún kà-kà-kà. Bí ó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ariwo náà a dákẹ́. Nígbà tí a wọ abẹ́ rẹ̀, gíríìsì dúdú ti fọ́n sí ara apá tó gbé wíìlì òsì dúró, búùtù, ìyẹn rọ́bà tó bo jọ́ìntì, sì ti ya. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ni yóò dúró síbẹ̀, tí wọn yóò ní rọ́bà ló ya, iyanrìn ló wọlé, ẹ lọ ra òmíràn. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé iyanrìn a máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀ ni, kì í là á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

A tú bóòtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì fi kẹrosíìnì fọ jọ́ìntì náà títí ó fi mọ́. Kéèjì rẹ̀, ìyẹn òrùka onífèrèsé mẹ́fà tó ń di àwọn bọ́ọ̀lù irin mú, ti là ní igun fèrèsé kan. Bọ́ọ̀lù tó wà níbẹ̀ ti ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀, ó sì ti gbẹ́ ihò sí ojú ọ̀nà tó ń gbà yí, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀nà márùn-ún yòókù ṣì ń dán. Irin tó yí i ká ti di búlúù, èyí tó fi hàn pé ooru ibẹ̀ ti tó nǹkan bíi 300 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tó wá là mí lójú jù ni pé eyín orí ọ̀pá áàsù tọ́ gbọnrangandan. Ká ní agbára ẹ́ńjìnnì ló fọ́ ọ ni, tàbí pé mọ́tò fò tó sì balẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ṣì ń fún un níná, àwọn eyín wọ̀nyẹn ì bá ti lọ́.

Nítorí náà, a fi jáàkì gbé mọ́tò sókè, a jẹ́ kí wíìlì méjèèjì rọ̀ sílẹ̀. Ti òsì rọ̀ ju ti ọ̀tún lọ, nítorí pé bẹ́líìtì ọ̀rá tó yẹ kó dá a dúró ti na. Ní ibi tó rọ̀ dé yìí, ọ̀pá áàsù ti ń kan etí jọ́ìntì, ojú ibi tó ń kàn sì ń kọ mànà. Títẹ̀ tí ọ̀pá tẹ̀ jù ní ojú jọ́ìntì ló pa kéèjì náà. Rọ́bà tó ya kàn tẹ̀ lé e ni.

Èyí ló jẹ́ kí n náwó sí 930. Fífẹ̀ jọ́ìntì Ìjàpá jẹ́ 94 mílímítà, ti bọ́ọ̀sì Volkswagen tó wà lára tiwa jẹ́ 100, ti 930 sì jẹ́ 108. Mílímítà mẹ́jọ kò jọni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ń gbà túbọ̀ jìnnà sí àárín, ìdí nìyẹn tí agbára tó ń tẹ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan fi dín kù. Kéèjì tó bá a wá jẹ́ ti chromoly, ìyẹn irin líle tí wọ́n fi chromium àti molybdenum lú. Mo fi èékánná wá gbogbo igun fèrèsé rẹ̀ bóyá etí kan mú tàbí ó há, n kò rí ọ̀kankan. Iṣẹ́ máṣíìnì ibẹ̀ dára púpọ̀, mo sì yìn ín láìṣẹ́kù.

Ibi tí ọjà náà ti já mi kulẹ̀ ni àwọn nǹkan kéékèèké. Búùtù tó bá a wá fẹ́lẹ́; láìpẹ́ ló ti ń sán ní ìdí ibi tí wọ́n ti fi wáyà dì í. Gíríìsì inú páálí kò kún jọ́ìntì mẹ́ta, ká má tilẹ̀ sọ mẹ́rin. Èyí tó burú jù ni pé ìwé tó bá a wá kò sọ bí a ṣe ń yan gígùn ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń tún mọ́tò náà ṣe ló ní kí a tú ṣọ́kù kúrò, kí a máa gbé wíìlì láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá, kí a sì máa fọwọ́ ti ọ̀pá náà wò ní gbogbo ibi tó bá dé. Bí ààyè díẹ̀ kò bá sí fún un láti rìn síwá sẹ́yìn, yóò máa ti bẹ́ríǹ ẹ̀gbẹ́ gíábọ́ọ̀sì ni, owó ìyẹn sì ju ti jọ́ìntì lọ.

Láti ìgbà tí a ti wọ̀ ọ́, a ń tú u wò lẹ́yìn ìdíje. Irin rẹ̀ kò yí àwọ̀ padà, ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù sì ń dán bákan náà yípo. Àmọ́ ẹ̀yin tó fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé ibi tí kò lágbára ti wọ inú gíábọ́ọ̀sì lọ báyìí: gíà kéékèèké méjì péré ló wà nínú dífúrẹ́ńṣà (ẹ̀yà tó ń pín agbára fún wíìlì méjèèjì) tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, ìdí sì nìyẹn tí àwọn eléré fi ń pààrọ̀ rẹ̀ sí onígíà mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ kíláàsì 11 ni ẹ wà, níbi tí Ìjàpá ti gbọ́dọ̀ súnmọ́ bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, ẹ ka ìwé òfin kí ẹ tó yọ owó.

Bí mo bá tún fẹ́ rà, màá ra jọ́ìntì àti ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni kan náà, màá sì lọ ra búùtù àti gíríìsì níbòmíràn. Bẹ́líìtì tuntun ni màá kọ́kọ́ so, nítorí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jọ́ìntì kan.