Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì tí kò ní wáyà: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù méjì

Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ló bá omi lọ kí n tó pinnu pé màá kọ èyí. Ìṣirò gígùn kan ni mo ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti ṣe é tán, mo fẹ́ pa á dé, kọ̀ǹpútà wá bi mí bóyá kí òun tọ́jú rẹ̀ tàbí kí òun má tọ́jú rẹ̀. Mo darí ọfà lọ sórí "tọ́jú". Ọfà dúró gbagidi bí ẹni tó rí ejò. Mo ti máòsì díẹ̀, kò mira. Mo tún un tì, ó fò fìrì kọjá ibi tí mò ń lọ, ìka mi sì ti tẹ̀ ẹ́ kí ojú mi tó bá a. Orí "má tọ́jú" ló balẹ̀ sí. Gbogbo ẹ̀ ṣófo. Mo kàn jókòó, mo ń wo ògiri.

Kì í ṣe ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ti ń ṣe ségesège. Kíbọ́ọ̀dù náà ò gbẹ́yìn: màá tẹ "e" lẹ́ẹ̀kan, mẹ́rìnlá á tò sójú ìwé bí èèrà, màá tẹ "owó", "ow" ni màá rí. Lọ́jọ́ mìíràn, láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Ohun tó bá bàjẹ́ tán, èèyàn á gbé e jù nù, ọkàn á balẹ̀. Èyí tó ń ṣe lónìí tí kì í ṣe lọ́la ni kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Mi ò dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ mọ irú rẹ̀ náà: dúdú ni, bátìrì AA kọ̀ọ̀kan ló wà nínú méjèèjì, dongle kan ṣoṣo, ìyẹn ohun kékeré tí à ń kì bọ ihò kọ̀ǹpútà kó lè máa gbọ́ ohun tí kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ń sọ, tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ló sì ń ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì. Màá padà sọ́rọ̀ dongle yẹn.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lára páálí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e, ó kí mi dáadáa, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. "Ẹ kú ìfaradà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pààrọ̀ bátìrì." Mo ní tuntun ni bátìrì. Ó ní kí n ṣáà pààrọ̀ rẹ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún pè, òun náà ló gbé e. Ó bi mí bóyá orí gíláàsì ni mo gbé máòsì sí. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, torí iná abẹ́ máòsì kì í ríran dáadáa lórí gíláàsì, àmọ́ tábìlì onígi ni tèmi, ó sì ní aṣọ lórí. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, mo gbọ́ tó ṣí ewé kan, ó ní, "Ó dáa, sà. Orí gíláàsì ni ẹ gbé e sí?"

Mo rọra bu omi mu.

Nígbà kẹta, ó ní kí n yọ driver, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè máòsì àti kíbọ́ọ̀dù, kí n sì tún un fi sí i. Nígbà kẹrin, ó ní kí n pa gbogbo Windows rẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo ṣe é! Mo yọ gbogbo ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà kúrò, mo fi odidi ọjọ́ kan ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ náà máòsì ń lọ geerege, kíbọ́ọ̀dù kò jẹ lẹ́tà kan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ọmọkùnrin yẹn padà kí n súre fún un. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo so hard drive mi, ìyẹn àpótí kékeré oníwáyà tí mò ń kó fáìlì pamọ́ sí, padà mọ́ kọ̀ǹpútà kí n lè kó àwọn fáìlì mi wọlé, ọfà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ohun tó fa wàhálà náà wà níwájú mi gbangba, mi ò rí i. Ariwo ni mò ń pa mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ìgbà karùn-ún ni obìnrin kan gbé fóònù. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ bátìrì, kò sọ̀rọ̀ gíláàsì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò wo ni ẹ ki dongle bọ̀?"

Mo ní ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni.

"Kí ló wà nínú ihò tó tẹ̀ lé e?"

Mo tẹ̀ba, mo tan iná fóònù sí i. Hard drive ni, nínú ihò aláwọ̀ búlúù. Dongle wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ yọ hard drive náà, sà, kí ẹ wá ti máòsì."

Mo yọ ọ́. Mo ti máòsì. Ọfà ń yọ̀ bí òróró. Mo tẹ lẹ́tà ogún, ogún jáde. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, kò sì kánjú pa fóònù. Ó ṣàlàyé fún mi pé USB 3.0, ìyẹn irú ihò aláwọ̀ búlúù tí hard drive wà yẹn, yára púpọ̀, bílíọ̀nù 5 bit (ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré tó ń sá yìí sì máa ń tú ariwo sínú afẹ́fẹ́ láti ara ihò, wáyà àti hard drive fúnra rẹ̀. Ariwo náà, tí etí èèyàn kì í gbọ́, bọ́ sórí ìgbì rédíò 2.4 GHz, ibẹ̀ gan-an sì ni dongle ń tẹ́tí sí. Ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta. Bí hard drive bá sinmi, ẹ̀ẹ́ gbọ́ra. Bó bá ń kó fáìlì, ó parí. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe é lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe é lọ́jọ́ kejì. (Wi-Fi tó ń lo 2.4 GHz náà lè jìyà ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ti ń ráhùn pé Wi-Fi ń já bó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, mo ní ó ń ṣàròyé ni. Mo ti bẹ̀ ẹ́.)

Mo wá a kà lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2012 ni Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èròjà kọ̀ǹpútà, ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì sọ pé kí wọ́n gbé ohun tó ń gba ìgbì rédíò, bíi dongle, jìnnà sí ihò USB 3.0. Kò sóhun tó pa mọ́ níbẹ̀.

Obìnrin náà wá ní, "Wáyà kékeré kan wà nínú páálí, sà. Ẹ ki dongle sórí rẹ̀, kí ẹ gbé e sórí tábìlì." Mo ní kò sí wáyà kankan nínú páálí. Ó ní kí n ṣáà wò ó. Mo fa páálí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà níbẹ̀, kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo ti rò pé ti nǹkan mìíràn ni wọ́n ṣèèṣì kó sínú ẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ẹ̀yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni inú tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Wọ́n mọ̀! Ẹni tó fi wáyà yẹn sínú páálí mọ ìdí tó fi fi í síbẹ̀. Mo yẹ ìwé ìtọ́ni wò tinú tẹ̀yìn: wọ́n ya wáyà náà, wọn ò kọ ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá gba iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta yẹn là, àti Windows mi, àti ọ̀dọ́mọkùnrin oníwèé yẹn pẹ̀lú, nítorí wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ náà.

Ní ti ọjà fúnra rẹ̀, ó dáa. Kíbọ́ọ̀dù rọ̀ lọ́wọ́, kò pariwo, mo lè tẹ̀wé lóru láìjí ẹnikẹ́ni. Máòsì bá àtẹ́lẹwọ́ mi mu. Bátìrì ọjọ́ àkọ́kọ́ ì bá ṣì máa ṣiṣẹ́ ká ní wọn ò ní kí n yọ ọ́. Ẹsẹ̀ kíbọ́ọ̀dù kan ti kán, ike lásán ni. Èyí tó burú ni pé wọn kì í ta dongle rẹ̀ lọ́tọ̀: bó bá sọnù, kíbọ́ọ̀dù àti máòsì ti di ẹrù. Ẹ má fi sínú àpò.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ọmọ mi ní irú rẹ̀ lòun náà fẹ́, mo ti rà á fún un lánàá. Wáyà ni mo kọ́kọ́ yọ jáde nínú páálí.