Sípíríǹgì mágásíìnì tí mo rà: irin ẹ̀ dáa, bébà ìlànà ẹ̀ ló bí mi nínú

Ìbọn ìléwọ́ mi ni mo rà á fún, nine mílímítà. Tí ọta bá tán nínú ẹ̀, ó yẹ kí sílááìdì, irin òkè ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn tó ń bọ̀ síwájú, dúró sẹ́yìn kí n lè mọ̀ pé ó ti ṣófo, àmọ́ ṣe ló ń padà pa dé. Mágásíìnì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń to ọta sí, méjì ni mo ní, mo kọ 1 àti 2 sí ìdí wọn, 2 nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo wá mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn ló lẹ́bi, sípíríǹgì yẹn ló ti rẹ̀ tí kò lè ti pèlébé abẹ́ ọta sókè mọ́ kó fi gbé irin kékeré tó ń dá sílááìdì dúró. Mo bá ra tuntun.

Ó tètè dé, mo yin àwọn tó tà á fún mi. Ó gùn ju ti àtijọ́ lọ, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn torí ti àtijọ́ ti sún kì. Mo yọ mágásíìnì, mo fa sílááìdì sẹ́yìn, mo wo ihò ọta, mo tún ki ìka bọ̀ ọ́, gbogbo ọta wà ní yàrá mìíràn. Mo wọ awò ojú torí sípíríǹgì yẹn lè fò bá èèyàn lójú téèyàn bá ń ṣí ìdí mágásíìnì. Mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fa sílááìdì, kò dúró. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Iwájú pèlébé yẹn tún dorí kodò. Ìlà mẹ́rin péré ló wà lórí bébà tí wọ́n fi síi, kò sí àwòrán kankan. Ìbọn mà ni o, kì í ṣe àga!

Mo pè wọ́n. Ọmọkùnrin tó gbé e kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ní kí n lọ ra irin ìdádúró sílááìdì tuntun. Mo ní, "Àbúrò, mágásíìnì 1 ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ó bá fi orin sí mi létí fún ogún ìṣẹ́jú. Inú mi ru gan-an.

Obìnrin kan ló wá gbé e. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ṣé ìbọn yẹn wà lọ́wọ́ yín? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé e sílẹ̀ ná." Ara mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní kí n yọ sípíríǹgì, kí n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ṣé orí ẹ̀ méjèèjì jọra? Wọn ò jọra! Èyí tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ni mo fi sókè. Kò kánjú, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dúró lórí fóònù títí mo fi tún un tò, mo fa sílááìdì, ó dúró gbọin. Mo pariwo. Ó ní kò tíì tán o, kí n lọ sí pápá ìyìnbọn, kí n máa ki ọta méjì méjì kí n lè rí i dáadáa lẹ́yìn ọta tó kẹ́yìn. Mo yin àádọ́ta, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin yẹn mọṣẹ́ ju gbogbo àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ lórí ìbọn lọ, sípíríǹgì náà sì le dáadáa, màá ra òmíràn fún mágásíìnì 1.

Máàkì: 2 nínú 5. Àwòrán kan ṣoṣo ni mò ń béèrè lórí bébà yẹn.