Ẹ ṣọ́ra o: ọ̀dà ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kùn sílẹ̀ fún wa ní Àkúrẹ́, wọ́n ń pè é ní epoxy

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin olómi inú ọ̀rá, ẹ̀yin tí ẹ ń kó kòkó pamọ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ní òun fẹ́ da epoxy, ohun olómi tó máa ń le bí òkúta, sílẹ̀ fún yín, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ìpékeré ni mò ń dín, ní Ọ̀bà-Ilé, nítòsí Àkúrẹ́. Yàrá tí a ti ń dín in gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 7. A tún kọ́ńkéré ibẹ̀ dà, mo sì fẹ́ ilẹ̀ tó ń dán, tí kò ní ojú ìlà, tó ṣe é fọ̀, kí àwọn NAFDAC tó wá wo ibi iṣẹ́ wa. Ojú WhatsApp ni mo ti rí ọkùnrin náà. Ó wá pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan tó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ, ó ní kí n fi òòlù lù ú. Mo lù ú, kò fọ́. Ó ní mìlímítà mẹ́ta ni òun máa dà. Iye tó pè kò tó ìdajì ti oníṣẹ́ mìíràn kan tó ti Èkó wá. "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀, mo san ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án tí a da kọ́ńkéré ni wọ́n dé. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó jẹ́ lítà 20, kẹ́ẹ̀gì tínà kan, àti rólà. Kò sí ẹ̀rọ kankan. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n wọ́n omi ásíìdì sí i, wọ́n fi omi ṣàn án, ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ń dán bíi dígí. Inú mi dùn, mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Oǹdó. Mo san owó tó kù.

Wọ́n gbàgbé ife ike kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, èyí tí wọ́n fi ń bu ohun tí wọ́n kùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo fẹ́ dà á nù. Ojú rẹ̀ ti di awọ, bí ojú ẹ̀kọ gbígbóná ṣe máa ń ṣe bí atẹ́gùn bá kàn án, ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi igi gún un, abẹ́ rẹ̀ ń ṣàn. Nígbà yẹn, n kò mọ ohun tí mo ń wò. Ó dìgbà tí ilẹ̀ bàjẹ́ kí n tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nǹkan méjì ni wọ́n ń pò pọ̀ kó tó di epoxy, rẹ́sìn àti hádínà tó ń mú un le. Bí wọ́n bá ti pàdé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra wọn, wọn kì í dúró de atẹ́gùn. Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ike á le látòkè dé ìsàlẹ̀ bí òkúta. Nínú ooru wa yìí kì í pẹ́ rárá, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń sáré dà á láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ọ̀dà olóróró, irú èyí tí wọ́n ń kùn sí ilẹ̀kùn, ló máa ń tojú gbẹ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọjọ́ yẹn sì rí bákan náà, n kò rí hádínà kankan.

Ìṣirò tó yẹ kí n ti ṣe, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Bí a bá da lítà kan sórí sìkúyà mítà kan, tí a tẹ́ ẹ dọ́gba, yóò nípọn ní mìlímítà kan gẹ́lẹ́. Sìkúyà mítà 84 ni yàrá mi. Mìlímítà mẹ́ta tí a jọ ṣàdéhùn, ẹ sọ 84 di ìlọ́po mẹ́ta, lítà 252 nìyẹn. Lítà 60 ni wọ́n gbé wọ ọgbà mi, wọ́n tún gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan padà láìṣí i. Lítà 40 sórí 84, kò tó ìdajì mìlímítà, tínà tó máa fẹ́ lọ sì wà nínú rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n bá gbé wá, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Bí wọ́n bá ní yanrìn wẹ́wẹ́ ló máa kún un, ìyẹn wà lóòótọ́, kí wọ́n gbé àpò yanrìn náà sílẹ̀ níwájú yín kí ẹ kà á mọ́ ọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù gba ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ bá tẹ̀lé táyà rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka ká a bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, ó bó, ó gùn tó apá mi. Mo yí i padà: ẹ̀yìn rẹ̀ funfun fún eruku sìmẹ́ńtì. Kò fìgbà kan dì mọ́ kọ́ńkéré, eruku ló dì mọ́. Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní omi tí a fi ń fọ̀ ọ́ ló pọ̀ jù. Láti ọjọ́ kejì, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Kọ́ńkéré tuntun máa ń ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lójú tí kò lágbára. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ kúrò, títí ojú ilẹ̀ á fi rí bí yanrìn bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, wọn á wá fa eruku rẹ̀ tán. Bí ẹ kò bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fún kọ́ńkéré kó fi gbẹ, lásìkò òjò Àkúrẹ́ ó tiẹ̀ lè má tó. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara, sẹ̀ńtímítà 45 níbùú lóròó, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ yípo, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 16. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tàbí tí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ dúró.

Èyí tó dùn mí jù ni pé bó bá tiẹ̀ jẹ́ epoxy gidi ni ọkùnrin náà dà, kò bá yàrá yẹn mu. Ó rí ìkòkò òróró mi. Epoxy tó wọ́pọ̀ á ti máa rọ̀ bí ooru bá dé nǹkan bí dígírì Celsius 60. Òróró tí a fi ń dín ìpékeré máa ń tó 170 sí 180. Polyurethane, irú ohun olómi mìíràn tó máa ń le, tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì, ni wọ́n ń dà sí irú yàrá bẹ́ẹ̀, èyí tó bá nípọn tó mìlímítà 9 lè gba ohun tó gbóná tó 120, abẹ́ ìkòkò gan-an ṣì máa fẹ́ àwo irin tí yóò gba òróró tó bá dànù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ bi yín: kí ló máa ń dà sílẹ̀ níbí, báwo ló ṣe gbóná tó, ẹrù wo ni ẹ ń tì kọjá? Kò bi mí ní ẹyọ kan.

Ẹ má gba àpẹẹrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Kó mú yín lọ sí ilẹ̀ tó ti dà láti bí ọdún kan, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ bá oníbẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì dá owó gidi dúró sọ́wọ́ yín títí ilẹ̀ á fi lo oṣù kan.

Ọkùnrin náà ṣì ń polówó. Lánàá ni àbúrò mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi láti Oǹdó: yàrá gígùn, ilẹ̀ aláwọ̀ eérú tó ń dán, ilẹ̀kùn irin aláwọ̀ ewé lẹ́yìn. Yàrá mi ni. Bí wọ́n bá fi hàn ẹ̀yin náà, ẹ yà sí Ọ̀bà-Ilé kí ẹ wá wo bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí lónìí.